Ara ríro káàkiri àti àárẹ̀ tí kì í lọ: oògùn wo ló gbè yín? (Kábà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú)

Aláṣọ Ògìdì
Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ògìdì níbí. Ejìká ni ìrora yìí ti bẹ̀rẹ̀, mo ní iṣẹ́ ló fà á. Ó gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, ó dé orúnkún, ní báyìí kò síbi tí kò dé mọ́. Bí ọmọ ọmọ mi bá rọ̀ mọ́ mi lápá, díẹ̀ ló kù kí n ké. Mo ń sùn o, àmọ́ ṣe ni mo ń jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ro oko. Orí mi náà ò gbé nǹkan dúró mọ́. Mo lè máa ka fọ́nrán òwú lọ, kí n dé àárín, kí n má mọ iye tí mo kà.

Ibà àti taifọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú fún mi ṣáá. Nígbà tó yá, ọmọ mi mú mi lọ sí Ìlọrin. Dókítà tẹ ara mi káàkiri, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní fibromyalgia ni, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa ro èèyàn. Ó kọ amitriptyline 10 mg, hóró kan lálẹ́. Mo délé, mo fi ìwé han ọmọkùnrin tó ni kẹ́míìsì àdúgbò wa, ó ní, "Màmá, oògùn wèrè mà nìyí." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nílùú kékeré. Bí oògùn ṣe wọ àpótí nìyẹn, kò jáde mọ́. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn ń pò sínú ọ̀rá fún mi ni mò ń lò: hóró funfun kékeré, òmíràn aláwọ̀ ìyeyè, òmíràn aláwọ̀ méjì. Ó ń tètè bá mi ṣe é, àmọ́ ìrora kì í pẹ́ padà. Ẹni tó bá ti lo nǹkan kan tó gbè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Ìyàrá
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò yín sàn. Èmi ò ní irú àìsàn yìí, àmọ́ oògùn inú ọ̀rá yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ojú yín kò tíì máa wú? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ wá sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀gbẹ̀
Ìyá mi, ẹ kú ìrora. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oògùn wèrè kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n fi amitriptyline tọ́jú níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n 75 mg sókè, nígbà mìíràn 150, ni wọ́n ń fún ẹni tó ń lò ó fún ìyẹn. 10 mg tiyín kéré sí iṣẹ́ yẹn pátápátá. Oorun àti ìrora ni dókítà tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín.

Ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe pé oríkèé wú tàbí pé eegun ń jẹ. Ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ló ti di ajá tó ń gbó ewé tó já: olè ò wọlé, àmọ́ ariwo ò jẹ́ kí ará ilé sùn. Ìdí nìyẹn tí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam kì í fi í ṣe nǹkan kan gúnmọ́ fún fibromyalgia. Olè ni wọ́n ń lé, olè ò sì sí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún arúgbó ni kí wọ́n dá ọgbẹ́ sí i nínú, kí wọ́n sì ba kídìnrín jẹ́. Bí ẹ bá rí i tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de àárọ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ti ọ̀rá yẹn wá. Nínú irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní ṣàì bá prednisolone tàbí dexamethasone. Òun ló ń mú kí ara yá gágá lójijì, kí oúnjẹ máa wọlé, kí àwọn èèyàn ní "Ìyá ti ń sanra o." Ìsanra yẹn kì í ṣe àlàáfíà. Ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbé ìfúnpá sókè, ó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sì tọ́jú fibromyalgia rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ti dókítà jáde nínú àpótí, ẹ má lò ó nígbà tí ẹ bá ti dórí ibùsùn. Bí aago mẹ́wàá lẹ máa ń sùn, ẹ gbé e mì ní aago mẹ́jọ, kí ojú yín lè là dáadáa láàárọ̀. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ lè le. Ẹ máa mu omi, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè má so èso kankan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Dókítà ló lè ní kí ẹ lọ sí 20 tàbí 25; kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe kẹ́míìsì. Ẹni tó ní gílákómà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, bàbá tí ìtọ̀ kì í yára wá fún, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ọmọ ò ti ní tó o. Hóró díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọdé.

Tíṣà Kábà
Èmi rèé, ọkùnrin ni mí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àìsàn obìnrin nìkan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló ń bá jù.

Amitriptyline mú mi sùn ní tèmi. Ó mú mi sùn débi pé mo ń tòògbé níwájú ọmọ iléèwé nígbà tí wọ́n bá ń kọrin àárọ̀. Mo sì sanra. Dókítà yí mi sí duloxetine, 30 mg fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà 60. Èébì ń gbé mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kí n tó lò ó, ìyẹn rọlẹ̀. Ìrora kò lọ tán, kí n má purọ́ fún yín. Ohun tó yí padà ni pé mo lè di chalk mú títí ẹ̀kọ́ á fi parí.

Ọ̀rọ̀ kan nípa duloxetine: ẹ má jẹ́ kó tán mọ́ yín lọ́wọ́. Ìgbà kan wà tí mi ò rí i rà ní Kábà, ọ̀nà Ọbájánà sì bàjẹ́, n kò lè lọ Lọ́kọ́jà. Kí ọjọ́ mélòó kan tó lọ, orí mi ń ta jìjì bí ẹni fọwọ́ kan wáyà iná, òógùn bò mí, inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn. Oògùn tí èèyàn ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n sì máa ń wo ìfúnpá mi, torí ó lè gbé e sókè. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀, tàbí tó ń mu ọtí dáadáa, kò yẹ kó sún mọ́ ọn.

Kọfí náà, ẹ jọ̀wọ́. A ní i lóko ní Kábà níbí, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo ti fi mọ sí àárọ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alábùkún tí àwọn kan fi ń jẹun: aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn kò gbọ́dọ̀ máa gbé kaféènì mì nírọ̀lẹ́ kó tún máa wá oògùn oorun kiri.

Ohun tó gbè mí jù lọ, ẹ ó bínú, kì í ṣe oògùn. Ìrìn ẹsẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé aládùúgbò, mo ń fi kún un ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà oríkèé ilẹ̀ Yúróòpù (EULAR) tún ìmọ̀ràn wọn ṣe lórí fibromyalgia ní 2017, eré ìdárayá nìkan ṣoṣo ni wọ́n tì lẹ́yìn gbágbáágbá; ìwọ̀nba ni wọ́n ti àwọn oògùn. Ẹ gbéra, ẹ máa rìn.

Àbúrò Mọ̀pà
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ dákun, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìrìn yẹn fún gbogbo ayé.

Tèmi kì í ṣe fibromyalgia. ME/CFS ni, àìsàn àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìrora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ni ọba rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe mí: lásìkò kájú, màmá mi ní kí n bá òun ṣa èyí tó jábọ́ lábẹ́ igi. Mo ṣa á láàárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan kan. Mo tiẹ̀ bá wọn yọ hóró rẹ̀ kúrò lára èso. Ní ọjọ́ kejì ó kù díẹ̀ káàtó, ní ọjọ́ kẹta mi ò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ọ̀fun ń dùn mí, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú, bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ kíkan ńṣe ló dà bí ìyà. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ni, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àfi ká gbààwẹ̀.

Ìdùbúlẹ̀ tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ díẹ̀ yẹn ni àmì tó ya ME/CFS sọ́tọ̀. Bó bá wà lára rẹ, ẹni tó ní kó o máa fi ìrìn kún ìrìn lè dá ọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 2021, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ìtọ́jú ME/CFS. Wọ́n ní kí èèyàn mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, kó má kọjá rẹ̀. Èmi ti pín iṣẹ́ ilé sí wẹ́wẹ́. Mo ń jókòó bó ata. Mo ń jókòó wẹ̀. Bí ara bá dá mi lójú pé mo lè ṣe méjì, ọ̀kan ni mò ń ṣe.

Ti oògùn ńkọ́? Kò sí èyí tó ń wò ó sàn. Ẹni tó bá tà á fún yín, olè ni. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé kó mú wàhálà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: oorun, ìrora, òòyì tó ń kọ́ mi bí mo bá dìde. Amitriptyline tí wọ́n fún mi, ìdajì hóró 10 mg ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ni oògùn kékeré ń kì mọ́lẹ̀. Fún òòyì, omi púpọ̀, iyọ̀ díẹ̀ kún oúnjẹ, ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó fún ẹsẹ̀ pinpin. Ẹ̀yin tí ìfúnpá yín ga, ẹ má dán ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí wò.

Tíṣà Kábà
Àbúrò, o ṣeun, ó yé mi. Mi ò mọ̀ pé ó lè le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá rìn lónìí tó wá ṣubú lulẹ̀ lọ́túnla, kó tẹ̀ lé ti Àbúrò Mọ̀pà, kó fi tèmi sílẹ̀.

Apòògùn Lọ́kọ́jà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìdí oògùn ni mò ń dúró, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un.

Pregabalin ni oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní pàtó fún fibromyalgia, ní 2007. Duloxetine tẹ̀ lé e ní 2008, milnacipran ní 2009. Ó di 2025 kí wọ́n tó tún fọwọ́ sí òmíràn, cyclobenzaprine tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n lálẹ́. Ilẹ̀ Yúróòpù kò fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ fún àìsàn yìí. Wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ kò tó ewu rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn àgbà dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò. Torí náà bí ọ̀kan ò bá ṣiṣẹ́ lára yín, ẹ má rò pé ayé yín ti bàjẹ́ tàbí pé ẹnì kan ń ṣe yín nílé.

Pregabalin, 75 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ èèyàn lóòyì, ó ń mú kókósẹ̀ wú, ó ń mú èèyàn sanra. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ò dá ṣáká, wọ́n ní láti dín in kù fún un. Aláboyún, tàbí ẹni tó fẹ́ lóyún, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ó sì ń di bárakú fún àwọn kan. A kì í já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tramadol ni mo tìtorí rẹ̀ wọlé gan-an. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dárúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lóòótọ́, EULAR kò kọ̀ ọ́ pátápátá, àmọ́ ọwọ́ dókítà ló yẹ kó ti wá, fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, 200 tàbí 225 mg, NAFDAC kò fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń lo duloxetine tàbí amitriptyline tó wá da tramadol lé e, ó lè gbọ̀n, kí ara rẹ̀ gbóná janjan, kó dá kú bí oníwárápá. Mi ò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí ṣe: ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tòyìnbó àti tìbílẹ̀, sínú ike kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn tòótọ́. Àwọn oògùn kan ń fa iṣan ríro fúnra wọn. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, statin, ló ń ro ó lára.

Bàbá Bùnú
Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn bàbá wa kò ní àgbo fún ara ríro ni? Egbò àti epo igi tí mò ń rẹ sínú ògógóró, òwúrọ̀ àti alẹ́, ara mi le koko.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀gbẹ̀
Bàbá, ẹ kú àgbà. Mi ò ní kí ẹ da àgbo nù. Ògógóró inú rẹ̀ ni mò ń bá jà. Ọtí pẹ̀lú amitriptyline tàbí pregabalin lè mú kí èèyàn sùn títí tí èémí á fi fà sẹ́yìn. Ọtí pẹ̀lú duloxetine, ẹ̀dọ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àgbo, kó fi omi rẹ ẹ́, kó sì jẹ́ kí dókítà mọ̀. Bí ara yín bá sì ti le koko ní tòótọ́, Bàbá, kí lẹ ń wá nínú ọ̀rọ̀ àwa aláìsàn?

Bàbá Bùnú
Ìyàwó mi ló ń ka á sí mi létí 😄

Ọmọ Ìsánlú, Ìlú Ọba
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ME/CFS, níbí la jọ wà. Ohun tí Apòògùn sọ pé àwọn àgbà ò fẹnu kò, òótọ́ ni. Ní 2021 kan náà, NICE ní kí wọ́n má fi pregabalin tàbí gabapentin bẹ̀rẹ̀ fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ irú ti fibromyalgia, kí wọ́n má fún wọn ní paracetamol tàbí ibuprofen nítorí rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n lè gbé amitriptyline àti duloxetine yẹ̀ wò. Pregabalin tiẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin oògùn olóró níbí láti 2019.

Bí ẹ bá gbọ́ nípa rituximab, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ nígbà kan, àmọ́ ìwádìí ńlá ilẹ̀ Norway tó jáde ní 2019 fi hàn pé kò ran ME/CFS lọ́wọ́. Naltrexone kékeré náà wà, 4.5 mg tàbí kó sún mọ́ ọn, nígbà tí hóró rẹ̀ gan-an jẹ́ 50. Àwọn kan ń yìn ín. Ìwádìí kan ní Denmark ní 2024 kò rí i pé ó borí hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú, lórí ìrora fibromyalgia. Kò sì bá tramadol lọ rárá.

Àbúrò Mọ̀pà
Ẹ bá mi fi àyẹ̀wò sí i, kí wọ́n má máa pe gbogbo àárẹ̀ ní tiwa. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid, TSH ni àyẹ̀wò rẹ̀), ṣúgà, kídìnrín, ẹ̀dọ̀, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, HIV, jínótáìpù bí èèyàn ò bá tíì mọ̀ ọ́n. Tèmi, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń hanrun gan-an tó sì ń jí láàárọ̀ bí ẹni tí kò sùn, kó sọ ìyẹn náà. Ó lè jẹ́ pé èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun.

Aláṣọ Ògìdì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Ìbéèrè kan ló kù. Oògùn inú ọ̀rá yẹn, mo ti ń lò ó láti ìgbà ọyẹ́ títí di báyìí. Ojú mi ti ń yí roboto lóòótọ́, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ṣé kí n kó o dànù lálẹ́ òní, kí n bẹ̀rẹ̀ tìlọrin?

Apòògùn Lọ́kọ́jà
Màmá, ẹ má kó o dànù lálẹ́ òní o! Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí prednisolone tàbí dexamethasone bá wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì ti lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara yín lè ti jáwọ́ nínú ṣíṣe irú rẹ̀ tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ìfúnpá lè já wálẹ̀, ẹ lè máa bì, ẹ lè dá kú. Dókítà ló máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀rá yẹn fúnra rẹ̀ lọ, pẹ̀lú hóró tó kù nínú rẹ̀. Bí Ìlọrin bá jìn jù fún yín, ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, Lọ́kọ́jà náà wà. Ẹ ní kí wọ́n wo ìfúnpá àti ṣúgà yín lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá bi yín nípa amitriptyline, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè ṣètò èyí tó máa ṣáájú. Kí ẹ tó débẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, ọjọ́ náà lẹ ń lọ, kì í ṣe ọ̀la.

Ọmọ Ìyàrá
Màmá, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ? Mo ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo lè gbà yín sọ́kọ̀ ní Ògìdì. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.